Owó fàdákà Pátíà: ti Orodes ni àbí ti ọmọ rẹ̀?

Ẹ kú déédé ìwòyí o, ẹ̀yin tí ẹ máa ń kó owó àtijọ́ jọ. Mo fẹ́ ra owó fàdákà Pátíà kan, ti Ìráànì àtijọ́, lọ́wọ́ oníṣòwò kan ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó ní Orodes Kejì ló ṣe é, ọba tó jẹ ní nǹkan bí ọdún 57 sí 37 ṣáájú ìbí Kristi, tí Surena balógun rẹ̀ ṣẹ́gun Crassus ará Róòmù ní Carrhae lọ́dún 53. Ọba yìí kan náà ló padà pa Surena. Ẹ wo ìmoore!

Owó náà fẹ́rẹ̀ẹ́ wọn gíráàmù 4. Orí ọba onírùngbọ̀n tó kọjú sápá òsì wà lójú kan, kókó kan wà níwájú orí rẹ̀. Tafàtafà tó jókòó, tó di ọrun mú, wà lójú kejì. Ohun tó ń dà mí láàmú ni pé "Arsaces", orúkọ ọba tó dá ìdílé ọba wọn sílẹ̀, ni gbogbo àwọn ọba wọn sábà máa ń kọ, lẹ́tà Gíríìkì ibẹ̀ ò lè yanjú ọ̀rọ̀. Phraates Kẹrin, ọmọ tó pa Orodes, náà ní kókó yẹn. Mo rí òṣùpá àti ìràwọ̀, ṣùgbọ́n mi ò rí ẹyẹ idì tó máa ń wà lẹ́yìn orí Phraates. Ṣé ìyẹn tó ẹ̀rí pé ti bàbá ni?

Oníṣòwò tún ní òun á bá mi fọ dúdú ara rẹ̀ kúrò. Ọkàn mi ò gbà á. Ìwé wo ni kí n béèrè nípa ibi tó ti wá kí n tó sanwó?