Èèrà ti gba ilé mọ́ wa lọ́wọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Mofẹ́: Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará. Láti ìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀ ni èèrà kéékèèké ti ya wọ ilé wa n'Íbàdàn. Ojú fèrèsé kíṣìnì ni wọ́n kọ́kọ́ ń tò gbà wọlé. A fín wọn, wọ́n kú jọ sílẹ̀, mo gbá wọn dà nù. Kò pẹ́ ni wọ́n tún yọ lẹ́yìn sọ́kẹ́ẹ̀tì pálọ̀, àwọn kan gba ẹ̀gbẹ́ táìsì bálùwẹ̀. Lóru àná ni ọmọ mi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rá ké, mo tanná, àṣé wọ́n ti tò dé ọrùn rẹ̀ níbi tí mílíìkì kán sí. Gbogbo ọrùn ọmọ ló sú. Ọkàn mi ò balẹ̀ rárá.

Táyọ̀: Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Ẹ da ọ̀tápìàpìà sí gbogbo ihò yẹn, kí ẹ ti ilẹ̀kùn di ìrọ̀lẹ́.

Màmá Ìbejì: Táyọ̀, jọ̀ọ́, rárá! Ọmọ tó ń rá, ilẹ̀ ló ń fọwọ́ gbá, ọwọ́ yẹn náà ló ń kì bọnu. Dichlorvos, kẹ́míkà apakòkòrò tó lóró, ló wà nínú ọ̀pọ̀ ọ̀tápìàpìà. Láti 2019 ni NAFDAC, àjọ ìjọba tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn, ti fòfin de títa ìgò kékeré rẹ̀ lọ́jà. Ìyá Mofẹ́, pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Ibùsùn ọmọ ni kí o kọ́kọ́ bójú tó. Sún un kúrò lára ògiri, má jẹ́ kí nẹ́ẹ̀tì wọ́ nílẹ̀. Lálẹ́, gbé ẹsẹ̀ ibùsùn náà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sínú agolo omi, kí o po ọṣẹ díẹ̀ mọ́ ọn. Èèrà lè léfòó lórí omi lásán, ṣùgbọ́n nínú omi ọṣẹ, rírì ni yóò rì. Kó agolo kúrò láàárọ̀. Má fi kẹrosíìnì dípò rẹ̀ o, yàrá ọmọ ni.

Bọ̀dá Kúnlé: Iṣẹ́ apakòkòrò ni mò ń ṣe. Àwọn tí ẹ ń fín pa yẹn, àwọn tó jáde wá oúnjẹ ni. Ìyá wọn tó ń yé ẹyin ò jáde. Irú èèrà kan tilẹ̀ wà, bí ẹ bá fín in, ṣe ló máa pín sí ọ̀nà mélòó kan, tí yóò lọ tẹ̀dó síbòmíì. Ó jọ pé ohun tó gbé wọn dé pálọ̀ yín nìyẹn. Ẹ wá bóráàsì, èyí tí àwọn alágbẹ̀dẹ wúrà ń lò. Ẹ po ṣíbí ńlá kan ààbọ̀ mọ́ ìdajì ife ṣúgà nínú ife omi gbígbóná kan ààbọ̀. Ẹ ki òwú bọ̀ ọ́, ẹ fi sínú ike tó ní ọmọrí, kí ẹ lu ihò sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ẹ gbé e síbi tí ọwọ́ ọmọ ò lè tó láéláé. Wọ́n á kọ́kọ́ pọ̀ sí i, wọ́n á yí òwú yẹn ká bámúbámú. Ẹ má pa wọ́n o! Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé e relé fún ìyá wọn.

Ìyá Mofẹ́: Ẹ ṣeun gan-an ni, sà. Ti sọ́kẹ́ẹ̀tì ńkọ́? Ṣé kí n fi símẹ́ǹtì dí i?

Bọ̀dá Kúnlé: Ẹ má fi nǹkan kan kàn án, iná ń bẹ níbẹ̀. Ẹ gbé ike náà sókè lẹ́bàá rẹ̀. Tí ẹ ò bá rí èèrà kankan mọ́ fún bí ọ̀sẹ̀ kan, ẹ fi omi ọṣẹ nu gbogbo ojú ọ̀nà tí wọ́n ń tọ̀, torí òórùn tí wọ́n fi sílẹ̀ ni àwọn mìíràn máa ń tẹ̀ lé. Lẹ́yìn ìyẹn ni kí ẹ wá pe bíríkìlà láti dí ojú ògiri tó sán. Ti sọ́kẹ́ẹ̀tì, ẹni tó mọ iṣẹ́ iná ni kí ẹ jẹ́ kó tú u.