Re: "ìyẹ̀fun gbígbẹ ìfàsímú": "gbígbẹ" yẹn gan-an ni wàhálà

Ẹ̀gbọ́n, mo ka ohun tẹ́ ẹ kọ láná, pé ká máa pe ínhélà oníyẹ̀fun táwọn tó ní ikọ́ fée (asthma) ń lò ní "ìyẹ̀fun gbígbẹ ìfàsímú", ká sì kọ ọ́ sára páálí ẹ̀ pé "ẹ má jẹ́ kí omi kàn án". Mo bọ̀wọ̀ fún yín, ẹ ti wà nídìí èdè kí n tó dé, ṣùgbọ́n mi ò lè gba "gbígbẹ" yẹn.

Ẹja gbígbẹ, ata gbígbẹ, ilá gbígbẹ, nǹkan tó tutù tí a wá sá ni Yorùbá ń pè bẹ́ẹ̀. Tó bá tún rin, oòrùn náà la ó tún gbé e sí. Ọdún 21 ni mo fi ta oògùn. Màmá kan wá bá mi lásìkò òjò, ó ní ìyẹ̀fun inú kápúsù ínhélà òun ti ń lẹ̀ mọ́ra, òun sì ti sá a sórí páànù láti àárọ̀, torí ẹni tó tà á fún òun ní "oògùn gbígbẹ ni mà". Ẹ rí i báyìí?

Ẹ pín mílímítà kan sí ọ̀nà 1,000, nǹkan bí 1 sí 5 nínú ẹ̀ ni hóró oògùn yìí ń tó, ọ̀pọ̀ ló sì jẹ́ pé ara láktóòsì, ṣúgà inú wàrà, ni wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́. Téèyàn bá fà á, ó yẹ kó já kúrò lára ṣúgà kó wọnú àyà lọ. Tí afẹ́fẹ́ bá rin, ṣe ló ń ṣù, èyí tó bá sì ti ṣù, ọ̀fun ló ń há sí, aláìsàn á ní òun ti lo oògùn, àyà ò gbọ́ nǹkan kan. Ooru náà ń bá a lọ́wọ́ sí i. Wọ́n kọ ọ́ sára púpọ̀ nínú àwọn ínhélà yìí pé ìgbóná ibi tẹ́ ẹ bá gbé e sí ò gbọdọ̀ kọjá 30 lórí Celsius, inú mọ́tò tẹ́ ẹ tì sóòrùn l'Ékòó á kọjá ìyẹn dáadáa. Advair Diskus, ọ̀kan nínú àwọn ínhélà oníyẹ̀fun yìí, l'Amẹ́ríkà, tẹ́ ẹ bá ti ya ọ̀rá fóìlì ẹ̀, oṣù kan péré, ẹ sọ ọ́ nù, bó ti wù kó ṣẹ́kù tó. Ohun tó ń ró nídìí Turbuhaler, ínhélà oníyẹ̀fun mìíràn, tẹ́ ẹ bá mì í, oògùn kọ́, ohun tó ń fa ọ̀rinrin ni.

Ọ̀rinrin! Òun ni ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ fò. Omi ò kàn án rárá, ó sì bàjẹ́. Èémí ẹni téèyàn fẹ́ sínú ẹ̀ gan-an tó láti bà á jẹ́. Ìyá ìyá mi kì í gbé iyọ̀ kúrò lórí àjà lókè ààrò, wọ́n á ní ọ̀rinrin kì í kan ilẹ̀kùn. Ta ló tún ń bá ọmọ sọ irú ẹ̀ báyìí?

"Ìfàsímú" náà ńkọ́? Aṣáà la ń fà símú, ẹnu la fi ń fa èyí. Mo ní ká pè é ní "ìyẹ̀fun ìfàsáyà". Ẹni tó sì kọ "ẹ pa á mọ́ kúrò lọ́wọ́ òru", ooru lẹ fẹ́ kọ, òru ò ṣe oògùn ní nǹkan kan.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ká pè é ní ẹ̀tù, ẹ̀tù ti jóná nínú ìkòkò, èyí ò rí iná rí. Ará Ìjẹ̀bú tó ní "lẹ́búlẹ́bú" ló dáa ju ìyẹ̀fun lọ, mo ṣì ń rò ó.