Bọ́gì 2WD méjì ló ń pè mí: èwo ni kí n fi bá wọn dupò?

Rọ́bàGbígbóná

Ẹ kú ojúmọ́, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Ọdún kejì mi rèé tí mo ń fi bọ́gì, ọkọ̀ kékeré tí à ń fi rìmóòtù darí, sáré ìje ní kíláàsì 2WD (táyà ẹ̀yìn nìkan ló ń tì í), motor 17.5 (irú èyí tí agbára rẹ̀ níwọ̀n). Àlòkù ni bọ́gì tí mo ń wà, irú àtijọ́ tí motor rẹ̀ wà lẹ́yìn pátápátá, tó kọjá ọ̀pá táyà ẹ̀yìn. Mo fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti ń rẹ̀ ẹ́. Mo ti tu owó jọ báyìí, ọkọ̀ méjì ló sì wà lójú mi: Associated B6.4 kan tí ẹni tó ń tà á fi ń sáré lórí kápẹ́ẹ̀tì, àti XRAY XB2 ẹ̀dà D.

Ìta gbangba ni pápá tiwa, amọ̀ ni wọ́n tẹ́ síbẹ̀. Wọ́n máa ń wọ́n omi sí i láàárọ̀, àmọ́ tí oòrùn bá fi lè mú, eruku ni.

Ọ̀rẹ́ mi kan ní XB2 D yẹn, ó sì fún mi wà ní Sátidé tó kọjá. Ìyípo tó yá jù tí mo ṣe pẹ̀lú tèmi jẹ́ 26.4 ìṣẹ́jú-àáyá. Pẹ̀lú tiẹ̀, 26.0. Ọkàn mi ti ń fà síbẹ̀, àmọ́ B6.4 ni mo ń rí nínú gbogbo fídíò. Èwo ló lè bá àwọn tó wà níwájú dupò? Ẹ jọ̀ọ́, kẹ́nikẹ́ni má sọ fún mi pé ọwọ́ awakọ̀ ni gbogbo ẹ̀ wà. Mo ti gbọ́ ìyẹn yó.

FàTírígà

XB2 D. Amọ̀ lẹ ń sáré lé, D ni wọ́n ṣe fún amọ̀. Kí lo tún ń wò?

ỌmọPápá

Ẹni tó gba ife ni èmi máa ń wò. Nígbà tí IFMAR, àjọ àgbáyé fún eré ìje ọkọ̀ rìmóòtù, ṣe ìdíje àgbáyé àkọ́kọ́ fún bọ́gì oníbátìrì 1/10 (ìdá kan nínú mẹ́wàá ọkọ̀ gidi) ní 1985, Associated RC10 ni Jay Halsey fi gba 2WD. Ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn náà, ní Yatabe ní Japan, Associated náà ni Spencer Rivkin fi gbà á. Ilé yẹn ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ yìí. Ra B6.4.

FàTírígà

O wá fo 2017 dá. Ní Xiamen ní China, Yokomo YZ-2 ni Ryan Maifield fi gba 2WD. Ṣé ká wá ní kó lọ ra Yokomo ni?

Baba Diff

Ẹ rọra, ẹ̀yin méjèèjì. Àwọn tí ẹ dárúkọ yẹn, motor modified, èyí tó lágbára ju 17.5 lọ dáadáa, ni wọ́n ń lò níbẹ̀. Àbúrò wa yìí, 17.5 ló ní.

Àbúrò, ohun tó o gbé sórí ìwọ̀n kò bára mu. B6.4 tí kò ní D nídìí orúkọ rẹ̀, kápẹ́ẹ̀tì àti koríko oníke ni wọ́n ṣe é fún. B6.4D ni ti ilẹ̀. XRAY náà ní C àti D, TLR, ilé iṣẹ́ mìíràn, sì pe bọ́gì 22 5.0 tiwọn ní AC (ti kápẹ́ẹ̀tì) àti DC (ti ilẹ̀). Lórí kápẹ́ẹ̀tì, táyà máa ń di ilẹ̀ mú débi pé ohun tí à ń sá fún ni kí ọkọ̀ má takìtì ní kọ́nà. Wọ́n á tẹ́ ẹrù inú rẹ̀ pẹlẹbẹ, wọ́n á sì tì í síwájú díẹ̀. Tìrẹ yàtọ̀. Tí amọ̀ yín bá ti gbẹ, ìdí ọkọ̀ ni kò ní fẹ́ dúró, bẹ́ẹ̀ táyà ẹ̀yìn méjèèjì nìkan ló ń ti bọ́gì 2WD. Ẹrù gbọ́dọ̀ jókòó lé wọn lórí. Nítorí náà, kì í ṣe Associated àti XRAY lò ń fi wéra. Kápẹ́ẹ̀tì àti erùpẹ̀ ni.

Ìdí yẹn náà ni ọkọ̀ rẹ àtijọ́ kò fi yẹ lẹ́ni tí à ń fojú di. Nígbà tí TLR 22 àkọ́kọ́ jáde, èèyàn lè to motor síwájú ọ̀pá ẹ̀yìn tàbí sẹ́yìn rẹ̀, bó bá ṣe wù ú. Kyosho RB6 náà bẹ́ẹ̀. Ìgbà tí pápá bẹ̀rẹ̀ sí í di táyà mú ni ti iwájú gba gbogbo ẹ̀. Ní ọ̀sán tí eruku bá gba pápá yín, ṣọ́ra kó o má ta ti ẹ̀yìn yẹn kánkán.

Bó o bá dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ta ọkọ̀, béèrè iye gíà tó wà nínú gíábọ́ọ̀sì rẹ̀. Tó bá jẹ́ mẹ́ta, motor ń yí ní òdì sí táyà. Tó bá jẹ́ mẹ́rin, ọ̀nà kan náà ni wọ́n jọ ń yí, ìyẹn ni pé bó o bá fa tírígà, yíyí motor náà á bá ọ gbé imú ọkọ̀ sókè, ẹrù á sì sún sórí táyà ẹ̀yìn. Lórí ilẹ̀ tó ń yọ̀, wàá mọ̀ ọ́n lára lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

Ní ti ìwúwo, òfin IFMAR ní bọ́gì 2WD kò gbọ́dọ̀ dín ní 1,499 g. Èyí tó bá fi díẹ̀ lé kì í dun èmi lórí amọ̀.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ 0.4 rẹ. Irú ẹ̀ ti tàn mí jẹ rí. Mo yá bọ́gì ẹnìkan, n kò ní dárúkọ rẹ̀, mo yọ motor mi, bátìrì mi àti táyà mi, mo kó wọn sínú rẹ̀. Mo sáré ìyípo mẹ́wàá pẹ̀lú tèmi, mẹ́wàá pẹ̀lú tiẹ̀. Èyí tó yá jù nínú tiẹ̀ jẹ́ 24.1, nínú tèmi 24.6. Orí mi ti ń wú. Ìyàwó mi ló mú bírò, tó ní òun á ro gbogbo ẹ̀ pọ̀, kó pín in sí mẹ́wàá. Tèmi já sí 25.3. Tiẹ̀ já sí 26.9, torí ẹ̀ẹ̀mejì ni mo yí pòyì nínú rẹ̀, ìyípo kọ̀ọ̀kan nínú méjèèjì sì jẹ tó 35. Fi ìyẹn sáré ìṣẹ́jú 5: ìyípo 12 ni àwa méjèèjì máa ṣe, ṣùgbọ́n ọkọ̀ tó "yá" yẹn á dé ní bí 19 ìṣẹ́jú-àáyá lẹ́yìn tèmi. Ìyípo kan ṣoṣo tó yá kì í gbé ẹnikẹ́ni dé ibì kankan. Ohun tí mò ń bi ọ́ ni pé, tó o bá ro ìyípo mẹ́wàá rẹ pọ̀, tó o pín in sí mẹ́wàá, mélòó ló já sí, mélòó lo sì bà jẹ́ nínú wọn?

Ṣé táyà kan náà sì ni ẹ lò?

Mo tún ní ìbéèrè kan, wọn ò kúkú ṣàdédé pè mí ní Baba Diff. Di táyà ẹ̀yìn ọ̀tún bọ́gì rẹ àtijọ́ mú, kó o fi ọwọ́ yí ti òsì díẹ̀díẹ̀. Ṣé ó ń yọ́ bíi bọ́tà, àbí ó ń hanrun lábẹ́ ìka rẹ bí ẹni pé iyanrìn wà nínú rẹ̀? Tó bá ń hanrun, ball diff rẹ (ẹ̀rọ oníball tó ń jẹ́ kí táyà ẹ̀yìn méjèèjì lè yára ju ara wọn lọ ní kọ́nà) ti jẹ, ọkọ̀ tó ń ṣàìsàn lo sì fi ń wé èyí tára rẹ̀ le. Tún un ṣe kó o tó ná kọ́bọ̀. Fi sáńdípépà tó kúnná gan-an fọ ojú ring méjèèjì tí àwọn ball ń yí lé, kó o máa fọ̀ ọ́ bí ẹni tó ń kọ 8. Gíríìsì silicone ni ti àwọn ball. Ti thrust bearing, bearing kékeré tó ń gba ìtẹ̀mọ́ síkùúrù diff, gíríìsì dúdú, má pa wọ́n pọ̀. Tó o bá ti dè é tán, fi ọwọ́ kan di gíà ńlá mú, ọ̀rẹ́ rẹ á di táyà kan, kó o wá gbìyànjú láti yí èkejì. Kò gbọ́dọ̀ rọrùn rárá. Slipper, ìyẹn kílọ́ọ̀ṣì tó wà lára gíà ńlá, ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yọ̀ kí diff tó yọ̀. Bí diff bá fi ṣáájú rẹ̀, alẹ́ ọjọ́ kan péré ló máa fi sun ring wọ̀nyẹn.

ỌmọPápá

Baba, ẹ ti pa mí lẹ́nu mọ́. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un: apá iwájú ni bọ́gì máa ń kọ́kọ́ ṣẹ́. Kó bi àwọn ará pápá wọn léèrè irú èyí tí wọ́n ní àfikún rẹ̀ nínú àpótí. Mo ti fi apá tí kò ju ìka mi lọ pàdánù àṣekágbá rí, torí èmi nìkan ló ń wa irú ọkọ̀ yẹn níbẹ̀.

Rọ́bàGbígbóná

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun, ẹ sì ti tú àṣírí mi. Mo padà lọ sí pápá lánàá. Ti táyà, rárá o, kì í ṣe kan náà. Tuntun ló wà lẹ́sẹ̀ ti ọ̀rẹ́ mi, tèmi ti pá bí orí àgbà. A gbé táyà rẹ̀ sí tèmi, a tún gbé e padà, ìyípo mẹ́wàá mẹ́wàá bí ẹ ṣe wí. Tèmi já sí 27.9, tiẹ̀ 27.5. Ẹ̀ẹ̀kan ni mo yí pòyì nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ní kọ́nà kan náà, kọ́nà burúkú tó wà lẹ́yìn òkè méjì yẹn.

Mo wá dé ilé, mo di táyà mú. Ó ń hanrun, Ẹ̀gbọ́n. Kì í tiẹ̀ ṣe kékeré. Nígbà tí mo tú u, ojú ring kan ti ní ipa ball yíká bí kòtò tóóró. Mo ti sọ fún ẹni tó ní B6.4 pé kó máa wá oníbàárà mìíràn. Ti XB2 D, mo ṣì ń rò ó. Ìbéèrè mi ni pé, ẹ̀yìn ring náà ṣì ń dán. Ṣé mo lè dà á délẹ̀?

Baba Diff

Dà á délẹ̀, tí ojú kejì kò bá tíì kan ball rí. Fọ̀ ọ́ bákan náà kó o tó fi í sí i. Ball àtijọ́ ni kó o má dá padà síbẹ̀, wọn ò ní rí róbótó mọ́ bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú rẹ kò lè rí i. Nígbà tó o bá gbé e jáde, má fa tírígà tán fún ìṣẹ́jú kan àkọ́kọ́, jẹ́ kó mọra. Lẹ́yìn ìyẹn, dúró sí ẹ̀gbẹ́ ìlà, fà á lójijì lẹ́ẹ̀mẹta, kó o tẹ́tí sí slipper: ó yẹ kó ké fíìì díẹ̀, bí ìṣísẹ̀ kan, kó dákẹ́. Tó bá ké ju ìyẹn lọ, dè nọ́ọ̀tì rẹ̀ le sí i ní ìdá kan nínú mẹ́jọ ìyípo. Kọ nọ́ńbà ìyípo mẹ́wàá rẹ síbí ní Sátidé kó o tó dá ọ̀rẹ́ rẹ lóhùn lórí XB2.