Ṣé wàrà Fúlàní lè rọ́pò wàrà òyìnbó (cheese) nínú màkàróní yíyan?

Ọmọ Tákíé: Ẹ kú ilé o. Wàrà òyìnbó wọ́n ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ṣé mo lè fi wàrà Fúlàní yan màkàróní ẹlẹ́fọ̀ọ́? Kí ni kì í jẹ́ kó ṣomi?

Ìyá Alásè: Wàrà Fúlàní kì í yọ́, bó ti wù kí iná pọ̀ tó. Ẹ gé e wẹ́wẹ́ sáàárín, àmọ́ ẹ má fi ṣe ọbẹ̀ rẹ̀. Fún màkàróní 250 gíráàmù, ẹ yọ́ bọ́tà 40 gíráàmù, ẹ ro fláwà 40 gíráàmù mọ́ ọn fún ìṣẹ́jú 2. Ẹ máa da mílíìkì 600 mílílítà sí i díẹ̀díẹ̀. Tẹ́ ẹ bá dà á lẹ́ẹ̀kan, á di kókó. Tó bá ti ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ṣíbí, ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ kẹ́ ẹ tó fi wàrà òyìnbó 150 gíráàmù sí i. Bó bá ń hó, òróró á léfòó.

Alásè Ọ̀yọ́: Ẹ̀fọ́ ló ń mú omi wá. Ẹ bọ ṣọkọ fún ìṣẹ́jú 1, kẹ́ ẹ fún un títí omi ò fi ní kán mọ́. Ẹ dín kárọ́ọ̀tì àti tàtàṣé díẹ̀. Tòmátì ò yẹ ẹ́ rárá. Ẹ sọ màkàróní kalẹ̀ nígbà tó ṣì le díẹ̀, torí á ṣì mu ọbẹ̀. Ẹ yan án nínú oven ní 180°C fún ìṣẹ́jú 25.

Ọmọ Tákíé: Ẹ ṣé gan-an. Tí kò bá sí oven ńkọ́?

Ìyá Alásè: Ẹ da iyanrìn gbígbẹ sí ìsàlẹ̀ ìkòkò tó nípọn, ẹ gbé abọ́ lé e, ẹ dé e. Ẹ kó ẹyín iná sórí ìdérí, kójú rẹ̀ lè pọ́n.