Ojúlé kọ́, nọ́ńbà àbínibí ni

Ẹ̀gbọ́n, mo kí yín o. Mo ka àbá yín pé kí á máa pe MAC address, nọ́ńbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì fi ń dá káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì inú ẹ̀rọ mọ̀, ní “ojúlé kọ̀ǹpútà”. Ó dùn létí, ṣùgbọ́n n kò lè gbà á, nítorí ohun tí ojú mi rí.

Ọmọ àbúrò mi ń gbé ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ẹni tó ń bójú tó Wi-Fi ibẹ̀ ní kí kálukú mú àdírẹ́sì kọ̀ǹpútà rẹ̀ wá kí òun lè fi í sínú ìwé. Ọmọ náà kọ IP address (nọ́ńbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń fún ẹ̀rọ bó bá wọlé) fún un, íntánẹ́ẹ̀tì sì kọ̀, kò wọlé. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi fà á kó tó pè mí. Mo ní kó ṣí cmd, ibi tí a ti ń tẹ àṣẹ fún kọ̀ǹpútà, lórí Windows, kó kọ ipconfig /all, kó wá ibi tí wọ́n kọ Physical Address sí lábẹ́ káàdì Wi-Fi. Àmì 12 ló bá níbẹ̀, wọ́n tò wọ́n ní méjì-méjì, nọ́ńbà pẹ̀lú lẹ́tà láti A dé F. Òun ni MAC address tí wọ́n ń béèrè. (Ẹni tó ń lo Linux, ip link ni kó kọ, iwájú link/ether ló wà.)

Ọ̀rọ̀ “àdírẹ́sì” yẹn, tó jẹ́ ojúlé lédè wa, ló ṣi ọmọ náà lọ́nà. Ibi tí nǹkan wà ni ojúlé ń sọ. Bí mo bá kó kúrò ní Mọ́kọ́lá lọ sí Bódìjà, ojúlé mi ti yàtọ̀. Bí ọ̀rọ̀ IP ṣe rí nìyẹn: ibi tí a bá dé ni wọ́n ti ń fún wa. Èyí tí à ń wí yìí, inú káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni wọ́n kọ ọ́ sí láti ilé-iṣẹ́ tó ṣe é, ibi yòówù kó lọ. Lọ́pọ̀ ìgbà, àmì mẹ́fà àkọ́kọ́ jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ náà, IEEE, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ, ló pín in fún wọn. Mẹ́fà tó kù ni wọ́n fi ń ya káàdì kan sọ́tọ̀ sí òmíràn. Káàdì ló sì ni ín. Kọ̀ǹpútà alágbèéká tó ní Wi-Fi, tó tún ní ojú ihò fún okùn nẹ́tíwọ́ọ̀kì, méjì ló ní. “Kọ̀ǹpútà” inú àbá yín náà kò wá bọ́ sí i.

Àwọn kan ní kí á fi í sílẹ̀ ní “nọ́ńbà MAC”. Ṣùgbọ́n Mac náà ni orúkọ kọ̀ǹpútà Apple; mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnì kan pé kò kan òun, òun kì í lo ẹ̀rọ Apple.

Ìyá wa kan dá “ilà” lábàá, torí pé ilà ojú ń fi ìdílé hàn. Ó bá mẹ́fà àkọ́kọ́ mu dáadáa, ṣùgbọ́n tẹbí tará ló ń kọ àbàjà kan náà. Èmi fúnra mi kọ́kọ́ fẹ́ “nọ́ńbà àmútọ̀runwá”. Ó wù mí púpọ̀, mo sì rò ó fún ọjọ́ díẹ̀. Àmọ́ ẹ dé Igbó-Ọrà kí ẹ pe Kẹ́hìndé, kí ẹ wo iye ẹni tó máa dáhùn. Bí a ṣe bíni ni àmútọ̀runwá ń sọ, kò ya ẹnì kan sọ́tọ̀.

Nítorí náà, “nọ́ńbà àbínibí” ni mo fara mọ́. Kò sọ ju pé a bí i mọ́ nǹkan, kò sì sí ẹni tí kò mọ ẹ̀bùn àbínibí. Ó tún ràn wá lọ́wọ́ níbi tí fóònù ti dá ọ̀rọ̀ tuntun sílẹ̀: láti orí Android 10 ní 2019 àti iOS 14 ní 2020, fóònù lè fi nọ́ńbà mìíràn bo tirẹ̀ bó bá ti fẹ́ wọ Wi-Fi, kí wọ́n má baà fi í tọpa ẹni tó ni ín. Ẹ jẹ́ kí á pe ìyẹn ní “nọ́ńbà ìnagijẹ”. Ẹni tó ń bójú tó Wi-Fi lè wá kọ ọ́ sára ògiri pé: “Ẹ pa nọ́ńbà ìnagijẹ, nọ́ńbà àbínibí káàdì Wi-Fi yín ni kí ẹ mú wá.”