Ìpara líle àfọwọ́ṣe: kí ni ojú yín ti rí?

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ìkàlẹ̀. Ẹ ní ká wá sọ tẹnu wa lórí ìpara líle, èyí tó dì gbagidi bí ọṣẹ tí a kàn ń fi ra ara. Ó ṣeé ṣe nínú ilé dáadáa. Mo ti pẹ́ nídìí ẹ̀ débi pé ìpara inú ike kì í wù mí rà mọ́, pàápàá àwọn tó ń jò sínú àpò èèyàn.

Nǹkan mẹ́ta ni: ìda oyin, òrí, àti òróró tó ń ṣàn. Ọgbọọgba ni wọ́n máa ń kọ́ni níbẹ̀rẹ̀: bí ìda bá jẹ́ 50 gíráàmù, kí òrí jẹ́ 50, kí òróró náà jẹ́ 50. Kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ tibẹ̀ bẹ̀rẹ̀, àmọ́ kó má sọ ọ́ di òfin. Ìda ló ń pinnu bí ìpara ṣe máa le tó. Èyí tó dúró digbí nígbà òtútù lè máa yọ́ mọ́ni lọ́wọ́ nígbà ooru, ìgbà yẹn ni mo máa ń bu ìda díẹ̀ kún un. Tí ìda bá sì ti pọ̀ jù, ìpara á gan. Ẹ máa ra á mọ́ ara, ẹ máa ra á, kò ní fẹ́ kúrò lójú kan, awọ ara ni yóò máa wọ́ tẹ̀ lé e.

Òṣùwọ̀n ni kẹ́ ẹ lò o, ẹ jọ̀ọ́! Ẹ má fi ife wọn ìda. Èyí tí wọ́n gé wẹ́wẹ́ àti èyí tó rí kóróbótó kì í kún ife bákan náà, afẹ́fẹ́ wà láàárín wọn. Òṣùwọ̀n kékeré inú ilé ìdáná ti tó.

Mi ò kì í gbé ìda lé iná tààrà. Omi ni mo máa ń bu sí ìkòkò, màá gbé abọ́ tó lè gba ooru sínú omi náà, màá wá dín iná kù kó má hó kọjá bó ṣe yẹ. Ìda oyin kì í yọ́ títí ooru á fi tó nǹkan bíi 62 sí 64 ìwọ̀n Celsius, bẹ́ẹ̀ òrí ní tirẹ̀, ooru ara èèyàn lásán ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó o. Ìdí nìyẹn tí ìda àti òróró fi ń kọ́kọ́ wọlé, tí òrí á wá kẹ́yìn nígbà tí mo bá ti pa iná.

Ibi tó dùn mọ́ mi jù rèé. Kí n tó dà á, màá ti ṣíbí tó ti tutù nínú fírísà bọ̀ ọ́. Èyí tó bá lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ṣíbí á dì lójú ẹsẹ̀. Màá fi èékánná àtàǹpàkò họ ọ́. Bí èékánná bá wọlé wẹ́rẹ́, ó ti rọ̀ jù, ìda ò tó. Bó bá ń bó ní pàlàbà pàlàbà, tó ń fọ́, òróró ni ò tó. Lẹ́yìn tí mo bá ti tún un ṣe, màá tún ti ṣíbí tútù mìíràn bọ̀ ọ́. Tí mo bá wá dà á sínú móòdù, ìyẹn abọ́ kékeré tó máa dì sí, etí ló ń kọ́kọ́ pàwọ̀ dà, á máa wọ inú lọ díẹ̀díẹ̀, àárín ló máa ń dì kẹ́yìn. Ẹ má fọwọ́ kàn án lásìkò yìí, kódà bó bá ń wù yín.

Ìgbà tí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀ tán, tí ara ò tíì gbẹ tán, ni kí ẹ fi pa ara. Kò sí ẹ̀kán omi kan nínú ìpara yìí. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni pé kò ní jẹ́ kí omi tó wà lára tètè gbẹ lọ. Ẹni tó bá fi pa awọ tó ti gbẹ gan-an á ní wọ́n purọ́ fún òun.

*

Ẹ kú iṣẹ́ o, àǹtí wa. Ọ̀rọ̀ ìda yẹn, mo gbà. Àmọ́ òrí gan-an ló lẹ́jọ́ lẹ́nu!

Àbúrò mi pè mí pé ìpara tí òun ṣe jọ̀lọ̀ dáadáa nígbà tó dì, àfi bó ṣe pẹ́ díẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe kókó wẹ́wẹ́ bíi yanrìn. Ó ti fẹ́ lọ bá ẹni tó ta òrí fún un jà pé ayédèrú ni. Mo ní kó fi sùúrù sí i. Ọ̀rá inú òrí kì í ṣe ẹyọ kan, àwọn kan máa ń tètè dì, àwọn kan ń pẹ́. Bí ìpara bá ń tutù pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, àwọn tó ń tètè dì á ti kóra jọ di kókó kí àwọn yòókù tó dì. Kò bàjẹ́ o, á ṣì yọ́ lára. Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ fi kókó ra ojú?

Ó tún un yọ́ pátápátá, ó dà á sínú móòdù kékeré nígbà tó ṣì ń ṣàn, ó sì gbé e sínú fírísà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Kékeré ni mo wí, torí pé àárín móòdù ńlá máa ń pẹ́ kó tó tutù, inú ibẹ̀ ni kókó á tún ti bẹ̀rẹ̀. Ó jọ̀lọ̀. Ibi tí mo ti yà sí àǹtí díẹ̀ nìyẹn: mi ò kì í fi òrí sílẹ̀ fún ooru àjẹkù. Mo máa ń jẹ́ kó wà lórí omi gbígbóná títí tí mi ò fi ní rí hóró kankan nínú abọ́.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ kókó yìí bá sú, kó lo bọ́tà kòkó dípò òrí. Ó le ju òrí lọ, nítorí náà ẹ dín ìda kù. Bí wọn ò bá yọ òórùn rẹ̀ kúrò, ara yín á máa ta sánsán bíi ṣokoléètì.

*

Ẹ jẹ́ kí èmi bíríkìlà náà sọ tèmi. Ọmọ mi obìnrin ló ń ṣe é, èmi ni mò ń lò ó. Sìmẹ́ńtì ti jẹ mí lọ́wọ́ tó! Gìgísẹ̀ mi náà ti ya. Alẹ́ ni mo máa ń fi pa á, màá wọ ìbọ̀sẹ̀ lé e. Mi ò jẹ́ fọwọ́ kàn án láàárọ̀ kí n tó dé ibi iṣẹ́, torí pé ọwọ́ tó ń yọ̀ àti òòlù kì í ṣọ̀rẹ́.

*

Ẹ kú iṣẹ́, bàbá.

Àwọn tó ń béèrè ohun tí kì í jẹ́ kó bàjẹ́: níwọ̀n ìgbà tí kò ti sí omi nínú rẹ̀, kòkòrò àìfojúrí kì í ráyè gbé inú rẹ̀. Àmọ́ oru omi gbígbóná lè kán sínú abọ́ o. Ẹ nu abọ́, ṣíbí àti móòdù gbẹ fún mi. Fítámìn E tí àwọn èèyàn ń kán sí i kì í pa kòkòrò, ohun tó ń ṣe ni pé kì í jẹ́ kí òróró tètè rùn. Òróró tó bá sì ti ń rùn nínú ìgò tẹ́lẹ̀, kò sí fítámìn tó lè tún un ṣe.

Òróró olóòórùn dídùn, gíráàmù 1 nínú 100 ti tó, ẹ jẹ́ kí abọ́ kọ́kọ́ kúrò lórí ooru. Ẹ ṣọ́ra fún èyí tí wọ́n fún láti ara èèpo ọsàn wẹ́wẹ́ tàbí lẹ́mọ́ọ̀nù. Ẹni tó fi pa ara tó bọ́ sínú oòrùn, ara rẹ̀ lè bó. Ti ọmọ ọwọ́, èmi kì í fi òórùn kankan sí i. Bó bá sì jẹ́ òróró álímọ́ńdì ni ẹ lò, ẹ béèrè kí ẹ tó fi ta ẹnikẹ́ni lọ́rẹ, torí pé ara àwọn míì kì í gba irú èso bẹ́ẹ̀.

Nípa abọ́ fífọ̀, ẹ má da ìyókù sínú ihò tí omi ń gbà lọ. Á dì sínú páìpù, owó púlọ́ńbà nìyẹn. Bébà ni kí ẹ fi nù ún nígbà tó ṣì gbóná, kí ẹ tó fọ̀ ọ́ pẹ̀lú ọṣẹ. Bó bá ti tutù kí ẹ tó rántí, ẹ gbé e padà sórí omi gbígbóná, ẹ má wulẹ̀ fi ọ̀bẹ há a.