Kóńgò màámi ní Ifẹ̀

Ṣakí ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ náà ni mo ti ka ìwé mẹ́wàá. Gaàrí ni màámi ń tà lọ́jà. Nígbà tí mo rí yunifásítì Ifẹ̀ wọlé, kóńgò mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n wọ̀n sínú àpò fún mi. Wọ́n wá ki kóńgò fúnra rẹ̀ bọ̀ ọ́ lórí. "Kóńgò kan lọ́sẹ̀ kan. Máa wọ̀n ọ́n o, má bù ú níbùkubù."

Mozambique Hall ni wọ́n fi mí sí, níbi tí àwa obìnrin jámbáìtì ń gbé. Nígbà tí mo pe bàbá mi pé mo ti rí yàrá, pé Mozambique ni mo wà, wọ́n dákẹ́ díẹ̀ lórí fóònù. "Ṣé kì í ṣe Ifẹ̀ lo sọ pé ò ń lọ ni?"

Àwa mẹ́fà la wà ní yàrá. Ọmọ Èkó ni méjì nínú wọn, òyìnbó ni wọ́n ń sọ tilẹ̀ fi ń ṣú. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ dá sí ọ̀rọ̀ wọn, ohùn Òkè-Ògùn mi pa wọ́n lẹ́rìn-ín débi pé ọ̀kan fẹ́rẹ̀ẹ́ ja bọ́ látorí bọ́ńkì. Láti ọjọ́ náà ni mo ti di odi. Gaàrí nìkan ló ń bá mi sọ̀rọ̀: tí mo bá ti rẹ ẹ́, tí mo da ẹ̀pà sí i, gbogbo wọn á gbé ife wá. Mi ò ní purọ́, èmi gan-an ló ń pè wọ́n. Gaàrí ni mo fi ra ọ̀rẹ́. Kó tó pé ọ̀sẹ̀ márùn-ún, àpò ti ṣófo.

Ní kíláàsì kẹ́mísírì, CHM 101, ẹ̀yìn pátápátá ni mo máa ń lọ jókòó sí, kí ẹnikẹ́ni má baà bi mí ní nǹkan kan. Láti ibẹ̀, ohun tí wọ́n ń kọ sójú pátákó dà bí èèrà tó tò. Nígbà tí a ṣe tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́, 4 nínú 20 ni mo gbà. Èmi tí mo gba A ní WAEC! Mo ká ìwé náà kékeré, mo fi í sínú kóńgò, mo fi aṣọ bò ó.

Roommate mi kan ló fà mí lọ sí títóríà ọ̀fẹ́ tí fẹ́lóṣíìpù wọn ń ṣe. Ẹ̀gbọ́n kan ní 300 level ló ń kọ́ wa. Ó dé orí mole, ó ní, "Ta ló ti ka hóró gaàrí inú kóńgò kan rí?" A rẹ́rìn-ín. Ó ní ohun tí mole jẹ́ nìyẹn, òṣùwọ̀n lásán, pé ẹnìkan ò lè máa ka átọ̀ọ̀mù ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan.

Ọ̀rọ̀ kóńgò ni mi ò lè mú mọ́ra. Kí n tó mọ̀, mo ti nawọ́. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, kò rí bẹ́ẹ̀. Kóńgò gaàrí àti kóńgò ẹ̀wà, iye hóró wọn ò lè dọ́gba láéláé. Ṣé ti mole kì í yàtọ̀ ni?"

Ó wò mí. "Kì í yàtọ̀. 6.02 × 10²³ ni, ohun yòówù kó jẹ́."

"Ẹ jẹ́ ká fi kéréètì ẹyin ṣe é nígbà náà. Ẹyin adìẹ ni o, ẹyin àparò ni o, 30 ló ń gbà. Ìwúwo ló yàtọ̀."

Ó na ṣọ́ọ̀kì sí mi. Ojú pátákó ni mo bá ara mi, tèmi ti ohùn Òkè-Ògùn mi, mò ń ṣàlàyé ìdí tí mole kan kábọ̀ọ̀nù fi wọn gíráàmù 12, tí ti irin sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 56. Àwọn kan rẹ́rìn-ín sí ohùn mi lóòótọ́. Ṣùgbọ́n wọ́n ń kọ ọ́ sílẹ̀.

B ni mo gbà níkẹyìn. Nígbà tí mo délé, mi ò tíì sọ ẹrù kalẹ̀ tí màámi fi ní, "Kóńgò mi dà?"

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ Èkó yẹn ti fi ń bomi wẹ̀ láti oṣù kejì.